Orógbó Inú Ọ̀já

Gbogbo Houston ló mọ̀ mí. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní airport, tí ẹ kàn pariwo "Lékè!", gbogbo onítakisí ibẹ̀ ló máa ní àwọn mọ ilé mi. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní eighty-six, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lé àwọn ẹ́ńjíníà Òyìnbó dànù bí ẹni ń gbọn ìyàngbò, èmi nìkan ni wọn ò lè lé ní Pasadena tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Wọ́n ní táwọn bá lé mi, iná gbogbo plant yẹn máa kú. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe níbẹ̀? Inú táǹkì epo ni mò ń fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi wọ́n bóyá ẹnìkan wà tó mọ inú táǹkì jù mí lọ.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Torí ọ̀rọ̀ Sìkírátù yìí, gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú sì ti bu ata tiẹ̀ sí i. Wọ́n ní ó pa ọmọ rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi tí mo máa ń pa á, mo mọ irọ́ tí mo bá rí i.

Ilé Dókítà Mákánjúọlá ní Richmond ni Sìkírátù ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni Dókítà yìí, ìyẹn ni pé bàbá tiwọn àti bàbá tèmi jọ mu omi odò kan náà. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń wakọ̀ láti Pasadena lọ gé koríko iwájú ilé wọn, kí n sì jẹ ìrẹsì tó ga bí òkè. Ọkọ̀ mi nígbà yẹn, okùn la fi ń di ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dórí freeway, ọlọ́pàá gan-an á kúrò lọ́nà fún un.

Ìyàwó Dókítà, Àǹtí Ọmọ́bọ́lá, ló mú Sìkírátù wá láti Ìsẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà ti lé díẹ̀ lógún ọdún. Wọ́n ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé yóò lọ sílé-ìwé. Ilé-ìwé tó rí lọ ni aṣọ fífọ̀, ọmọ wíwẹ̀ àti ata gígé. Àǹtí tún ní orúkọ Sìkírátù ò bá ṣọ́ọ̀ṣì àwọn mu, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Esther. Tí wọ́n bá pe "Esther!", Sìkírátù ò ní dáhùn àfi tí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀kejì. Etí rẹ̀ ò di o. Ó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Dókítà aboyún ni Dókítà Mákánjúọlá. Ọmọ tí wọ́n ti gbẹ̀bí ní Texas, tí ẹ bá tò wọ́n sójú ọ̀nà, wọ́n á dé Dallas, wọ́n á tún yí padà. Aboyún kan wá ń gbé ìrẹsì síwájú wọn lójoojúmọ́, wọn ò rí i. Ìrẹsì ni wọ́n ń wò.

Olúdọ̀tun, àbúrò Àǹtí, ló fún un lóyún. Ó wá lo ìsinmi oṣù kẹfà níbẹ̀, ó ń sọ fún Sìkírátù pé òun máa bá a wá ilé-ìwé. Nígbà tó gbọ́ pé oyún wà, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí California, kò fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Sìkírátù bá da bùbá ńlá bo inú, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kí ni kó ṣe? Àǹtí ti sọ lójú gbogbo wa pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá gboyún nílé àwọn, inú ọkọ̀ òfúrufú ni yóò bí i sí.

Èmi náà ò mọ̀. Ojú mi mú ju ti àṣá lọ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń jẹun ní kíṣìnì, ó fara ti fìríìjì, ó ní:

"Bùọ̀dá Lékè, ẹ mọ ibi gbogbo ní Houston, àbí?"

"Houston nìkan? Nígbà tí wọ́n fẹ́ la freeway yìí, ta ni wọ́n bi pé kó gba ibo?"

"Ẹ dákẹ́ ná. Orógbó ni mò ń wá."

"Orógbó! Ṣé o fẹ́ máa kọrin ni?"

"Ẹ bá mi wá a. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ rí."

"Ẹyọ kan? Sìkírátù, o ń bú mi. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ni mò ń gbé bọ̀."

"Ẹyọ kan tó jẹ́ òótọ́ ni kẹ́ ẹ gbé wá, Bùọ̀dá mi. Ẹ fi apẹ̀rẹ̀ yín sílẹ̀."

Ṣé ẹ mọ bí orógbó ṣe ṣọ̀wọ́n tó ní Houston láyé ìgbà yẹn? Wúrà rọrùn láti rí jù ú lọ. Mo wá a títí. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi kan dé láti Àpápá ni mo rí atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Ẹkúndayọ̀, tó jókòó sétí omi, tó ń rún nǹkan lẹ́nu. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ibi tí mo páàkì sí. Ó ní òun ò tà á. Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tó wà lọ́rùn mi fún un, ó bá ka orógbó mẹ́ta sí mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó ẹ bímọ ni?" ló bi mí.

"Ìbẹta ni!" mo ní. "Gbogbo wọn lọ́kùnrin."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé ọmọ ló dé. Ta ló máa bọ́ jákẹ́ẹ̀tì nínú òtútù torí pé ó fẹ́ jẹ orógbó lásán?"

Atukọ̀ tó wà lórí omi látọdún dé ọdún mọ̀ ọ́n. Èmi tó wà lórí ilẹ̀, kò yé mi.

Mo kó wọn fún Sìkírátù. Ó gbé wọn símú, ó gbọ́ òórùn wọn pẹ́, lẹ́yìn náà ó dì wọ́n sí etí ọ̀já kan tó ti mú wá láti ilé. Ó ní "Ẹ ṣeun" lẹ́ẹ̀kan, ó padà sídìí ata. Èmi wá dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ti sọ fún gbogbo choir pé gómìnà kan fi orógbó ránṣẹ́ sí mi láti Nàìjíríà kí ohùn mi má baà há. Ẹnu mi ni. Tó bá ti rí èèyàn mẹ́ta, kò lè dúró.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, Dókítà wà ní hospital, Àǹtí lọ sí mall, àwọn ọmọ wà ní daycare. Ìrọbí mú Sìkírátù ṣáájú ìgbà tó rò. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ti bímọ, òun nìkan. Ọmọbìnrin ni. Ọmọ náà ò ké. Ó gbá a nídìí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó ń pè é. Kò dá a lóhùn. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí fóònù láti wá ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ fóònù ilé àwọn èèyàn wa nígbà yẹn, èyí tí wọ́n ń yí. Àǹtí ti fi páádì kékeré kan tì í kí ọmọ ọ̀dọ̀ má baà pe Nàìjíríà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú báàgì wọn ní mall.

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti wá bá a nílẹ̀, ó gbé ọmọ náà mọ́ra. Àǹtí kígbe, wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n bá lọ mú láílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n fi ń da ilẹ̀ nù.

"Gbé e síbí kí ọkọ mi tó dé. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

"Ẹ gbé láílọ́ọ̀nù yín kúrò, mà."

"Esther! Ṣé orí ẹ pé? Ṣé o fẹ́ ba orúkọ wa jẹ́ nílùú Òyìnbó?"

"Sìkírátù ni mí. Ọmọ mi kì í ṣe pàǹtí."

Ó dìde. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, ẹnu ọ̀nà tí kò gbà rí láti ọjọ́ tó ti dé, torí garage ni tiẹ̀. Ó lọ jókòó sórí koríko iwájú ilé, koríko tí èmi fúnra mi gé, tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè Fort Bend. Àǹtí ń bẹ̀ ẹ́ láti ojú fèrèsé pé kó wọlé, kó jọ̀ọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn, ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, títí Òyìnbó òdìkejì fi rí i tó pe ambulance.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá di ti ìjọba báyìí, Àǹtí ò lè sọ ti láílọ́ọ̀nù. Wọ́n bá ní Esther ló pa á.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni mo dé, tí mo rí mọ́tò ọlọ́pàá níwájú ilé. Obìnrin ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Evelyn ni wọ́n fún ní ẹjọ́ náà wò, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ó sanra, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ti lọ mú Sìkírátù wá láti hospital kó lè fi ibi tó bímọ sí han òun. Gbogbo wọn wà ní pálọ̀. Sìkírátù ò gbọ́ Òyìnbó púpọ̀, Àǹtí ló ń túmọ̀ fún un. Ẹ rí i bí wọ́n ṣe fún ológbò ní ẹja ṣọ́?

Mo ní, "Madam Officer, èmi ni ògbufọ̀ tó dára jù ní gúúsù Amẹ́ríkà." Evelyn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n jókòó.

Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, ó sì rọrùn. Ó ní àwọn dókítà county, ti ìjọba, tó yẹ òkú ọmọ náà wò, ò tíì sọ bóyá ọmọ náà mí rárá. Ṣùgbọ́n obìnrin tó fi oyún pamọ́, tó bímọ ní kọ̀rọ̀, tí ọmọ sì kú, ohun tí adájọ́ máa bi òun ni pé ṣé ó ń retí ọmọ yẹn àbí ó ń retí ikú rẹ̀. Ó ní òun ti wo yàrá rẹ̀. Kò sí bẹ́ẹ̀dì ọmọ, kò sí ìlédìí, kò sí ìgò oúnjẹ. "Níbo ni nǹkan ọmọ ẹ wà?"

Kí n tó la ẹnu, Àǹtí ti dìde. Wọ́n gbé ọ̀já Sìkírátù sórí tábìlì, wọ́n tú u. Orógbó mẹ́ta, ìgò oyin kékeré, iyọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú bébà.

"Ohun tí a bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rèé, Officer. Voodoo ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lábúlé wọn nìyẹn. Ilé onígbàgbọ́ nilé wa."

Ẹ̀yin èèyàn mi. Voodoo! Ní Texas! Ọlọ́pàá Òyìnbó kan tó bá Evelyn wá ti ń wo ìdí àga bóyá á rí adìyẹ tí kò lórí.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Sìkírátù. Mo rò pé á sunkún. Ó na ọwọ́ sí tábìlì, ó ní: "Ẹ sọ fún un, Bùọ̀dá Lékè. Ó ní níbo ni nǹkan ọmọ mi wà. Àǹtí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀ yẹn."

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Orí mi wú. Jákẹ́ẹ̀tì mi!

Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo ní èso àwọn ọba ni orógbó. Mo ní èmi ni mo wá a rí, mo ní mo lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ọkọ̀ náà lójú agbami, ẹja àbùùbùtán ń lé mi. Evelyn gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí rẹ́rìn-ín.

"Officer, bí a ṣe ń jẹ búrẹ́dì ni ọ̀gbẹ́ni yìí ṣe ń jẹ irọ́. Ẹ bi gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní gómìnà ló fi orógbó ránṣẹ́ sí òun."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀! Mo sọ ọ́! Kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà. Mo wo Sìkírátù. Ó ń wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó da epo nù.

"Bùọ̀dá Lékè. Ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo ní: "Ó ní kí n bá òun wá orógbó. Mo rí i lọ́wọ́ atukọ̀ kan. Ẹyọ mẹ́ta ni. Mo kó o fún un." Ó parí. Ó kúrú bí ìrù ewúrẹ́, ó sì dùn mí bí ẹni ń yọ eyín. Evelyn gbé bírò rẹ̀ padà.

"Kí ni ìwọ jẹ́ nílé yìí gan-an?" ló bi mí.

Inú mi dùn pé ó bi mí nǹkan tí mo lè dáhùn. "Èmi? Òpó ilé yìí ni mí! Wo fótò ńlá tó wà lára ògiri yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n sọ Bámidélé, àbígbẹ̀yìn wọn, lórúkọ nìyẹn, nínú pálọ̀ yìí. Wo apá ọ̀tún. Etí mi nìyẹn."

Evelyn dìde, ó lọ dúró síwájú fótò, ó ń wá etí mi. Etí mi dáa níbẹ̀, mi ò purọ́.

Sìkírátù náà dìde. Ó di àga mú, torí ara rẹ̀ ò tíì yá. "Ẹ ní kó fi etí yín sílẹ̀," ó ní. "Kó wo àwo."

Nínú fótò yẹn, Àǹtí wọ léèsì, wọ́n gbé Bámidélé lọ́wọ́, pásítọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwo funfun kan sì wà lórí tábìlì níwájú gbogbo èèyàn. Orógbó wà nínú àwo. Ìgò oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀.

Evelyn wo fótò. Ó wo tábìlì. Ó tún wo fótò. "Ma'am," ó ní, "kí ló wà nínú àwo yìí?"

Sìkírátù ló sọ̀rọ̀, Yorùbá lásán, kò dúró dè mí kí n túmọ̀.

"Àǹtí, ẹ dá a lóhùn. Ṣé voodoo lẹ fi kan Bámidélé lẹ́nu?"

"Tiwa yàtọ̀," Àǹtí ní. "Wọ́n gbàdúrà sí tiwa."

"Èmi náà gbàdúrà sí tèmi. Lójoojúmọ́, nídìí abọ́ yín."

Dókítà Mákánjúọlá, tí wọ́n ti ń wo bàtà wọn láti àárọ̀, ló wá dìde. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Orógbó ni," wọ́n sọ fún Evelyn. "A máa ń fi kan ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ó lè gbó, kí ó lè dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í to bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ de ọmọ tí ò tíì dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wá orógbó kalẹ̀…" Wọ́n nawọ́ sí tábìlì. "Ẹni yẹn ń retí ọmọ tó máa yè."

"Mákánjúọlá!" Àǹtí pariwo.

"Ọmọ́bọ́lá, dákẹ́. Abẹ́ imú mi ló wà. Èmi! Abẹ́ imú mi."

Bí Evelyn ṣe ń lọ ló rí fóònù. Ó fọwọ́ kan páádì náà. "Ta ni ẹ ti èyí mọ́?"

Sìkírátù ò nílò ògbufọ̀ fún ìyẹn. Ó fọwọ́ gbá àyà ara rẹ̀, ó fi Òyìnbó sọ ọ́: "Me."

Evelyn ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀já nìkan ló mú, ó ká a, ó di orógbó rẹ̀ padà síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló tún gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn dókítà county ní ọmọ náà ò mí rárá, inú ló ti kú. Ẹjọ́ parí. Sẹ̀kínát, obìnrin ilẹ̀ wa kan tó ń dirun ní apartment rẹ̀ ní Southwest, ló gba Sìkírátù sílé. Èmi ni mo fi mọ́tò mi gbé wọn lọ sìnkú ọmọ náà ní Rosenberg. Àwọn àgbà ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Sìkírátù ní òun máa mọ̀ ọ́n. Ó dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ lé e.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tó bímọ, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Ìròyìn yìí ló mú Ìyá Adébùnmí, olórí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, sáré wá.

"Sìkírátù, wọn kì í sọ òkú ọmọ lórúkọ. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Gbàgbé ẹ̀, wàá bí òmíràn."

"Ẹ ṣeun, mà. Omi tó dànù yẹn, mo gbé e kiri inú ilé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Wọ́n máa rí i lónìí."

"Ta ló ń ṣe irú ẹ̀?"

"Èmi. Ẹ jọ̀ọ́, mà, tí wọ́n bá mú Adébùnmí kúrò lẹ́nu, kí la ó máa pè yín?"

Màmá yẹn fa àga, wọ́n jókòó.

Èmi ni mo ṣe bíṣọ́ọ̀bù ọjọ́ náà. Irú ìwàásù tí mo ṣe, àwọn ará apartment kejì ní àwọn fẹ́ ṣe ìrìbọmi. A tọ́ oyin wò, a tọ́ iyọ̀ wò. Sìkírátù fi eyín la orógbó, ó pín in kàn wá. Èmi tí mo ní mo máa ń jẹ apẹ̀rẹ̀ kan lójúmọ́, ó korò débi pé mo rí bàbá bàbá mi. Òun rún tiẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Ọmọ́yẹni lorúkọ rẹ̀," ó ní. "Ọmọ yẹ mí. Ẹni tó bá ní kò yẹ mí, kó wá sọ ọ́ níwájú mi."

Ibẹ̀ la wà tí fóònù Sẹ̀kínát dún. Fóònù yẹn ò ní páádì. Sìkírátù ló sún mọ́ ọn jù, ó gbé e. Ohùn Àǹtí Ọmọ́bọ́lá ń jáde níbẹ̀, gbogbo wa là ń gbọ́ ọ.

"Esther?"

Sìkírátù dákẹ́.

"Esther, ṣé ìwọ nìyẹn? Àwọn ọmọ ń béèrè ẹ. Dókítà ò bá mi sọ̀rọ̀. Esther!"

Ìgbà kejì tí wọ́n pè é rèé, ìgbà tó máa ń dáhùn ní Richmond. Gbogbo pálọ̀ ń wò ó. Èmi gan-an dákẹ́, ẹ̀rí wà.

"Kò sí Esther níbí," ó ní. "Ìyá Ọmọ́yẹni ló ń sọ̀rọ̀. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mà?"

Ó fi fóònù sétí, ó ń rún orógbó rẹ̀, ó ń dúró de ohun tí wọ́n máa pè é.